Ìkòkò Bàbà ní Etí Odò Ńlá

Sún mọ́ iná, ọmọ ọmọ mi, má jókòó sẹ́nu ọ̀nà atẹ́gùn.
O bi mí léèrè ìdí tí mo ṣì fi ń se ẹran nínú igbá èèpo igi,
tí mo ń ju òkúta gbígbóná sínú omi títí yóò fi hó,
nígbà tí gbogbo ibùdó ti ní ìkòkò.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Ọkọ̀ ìgbòkun yọ nínú kùrukùru bí òkè tó ń rìn.
Wọ́n ní Faransé làwọn.
Àwa Ínù pè wọ́n ní Ọlọ́kọ̀-Pákó,
ohun tí ojú wa rí nìyẹn.
Wọ́n kọ́lé, wọ́n fi igi ṣóńṣó ṣọgbà yí i ká,
wọ́n gbin irúgbìn tí yìnyín pa.

Kí òtútù tó dé ìdajì,
èrìgì wọn ti ń jẹrà, eyín wọn ń já bọ́ sínú oúnjẹ.
Bàbá mi fi ọjọ́ mẹ́ta wò wọ́n láti etí igbó.
Lọ́jọ́ kẹrin ó bó èèpo kedari, ó sè é, ó gbé e lọ.
Ìyá mi ní, “Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?”
Ó ní, “Wọ́n ń sunkún bí ènìyàn.”

Wọ́n yè.
Wọ́n gbé ìkòkò bàbà kan fún wa,
ó pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́.
Ṣikuan àbúrò mi rí ojú ara rẹ̀ lára rẹ̀,
ó yọ ahọ́n sí i.
Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é.
Ìkòkò kejì gba ogún awọ bífà,
ẹranko omi tó ń fi eyín gé igi.
Ìkẹta, má wulẹ̀ bi mí.

Wọ́n tún fi ọmọ kan sílẹ̀ kó kọ́ èdè wa,
Matiren, ẹlẹ́sẹ̀ tínínrín,
tó ń sùn sáàárín àwọn ajá nítorí otútù.
“Kí lẹ ń pe èyí? Kí lẹ ń pe tọ̀hún?”
Ó ń fi ìyẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé.
Kakuṣ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ẹ̀fẹ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀,
sọ fún un pé “ìdí ajá” là ń pe ọ̀run.
Ọjọ́ tí aláṣọ dúdú fi èdè wa gbàdúrà,
tó gbójú sókè, tó ké pe Ẹni tó gúnwà ní ìdí ajá,
a rẹ́rìn-ín títí àgọ́ fi ń mì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Matiren kò rí kọ.
Ó nawọ́ sí odò, ó nawọ́ sí igbó,
ó ní, “Ta ló ni ín?”
A wo ara wa.
Kakuṣ pàápàá wá ẹ̀fẹ̀ tì.
Ó fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé,
funfun, bí òjò dídì tí ẹsẹ̀ kan kò tíì tẹ̀.
Inú àyè yẹn ni wọ́n wá kọ orúkọ ọba wọn sí.

Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ gbóná.
Odò dì, igbó dì, itọ́ ń dì kó tó balẹ̀,
síbẹ̀ ilẹ̀ gbóná lára Ṣikuan,
ó sú bo ojú tó yọ ahọ́n níjọ́sí.
Matiren bá wa sunkún, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.
Àáké rẹ̀ la fi la ilẹ̀ líle yẹn.
Ìyá mi lu ìdí ìkòkò bàbà náà,
kí òun náà lè kú, kó lè bá ọmọ rẹ̀ lọ.

Ìkòkò la gbà lọ́wọ́ wọn, ọmọ mi.
Ìkookò ló tẹ̀ lé e wọlé.
Ohùn tó yà wọ́n kò ju tíńtín lọ,
etí wa kò sì gbọ́ ọ nínú ẹ̀rín.

Ó tó. Fi ẹ̀ka mú òkúta yẹn, ó ti pọ́n.
Rọra, má jẹ́ kó ta sí ọ.
Yóò pẹ́ kó tó hó, mo mọ̀.