Ìbọn Tí A Kò Mọ Ilé Rẹ̀

Ìlọrin ni wọ́n ti gbé e wá, nínú àpò ìrẹsì,
pẹ̀lú ìwé ọlọ́pàá tí wọ́n fi ọ̀rá wé nítorí òjò.
Láyíwọlá tẹ́ ẹ sórí àga gígùn
níwájú ilé Ọdẹ́rìnú ní Ìsánlú-Ìsin,
ó ní, "Ẹ wò ó. Ìdajì owó èyí tí ẹ mọ̀."

A wò ó.
Ẹyẹ kékeré kan ni wọ́n fín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
ẹnu ẹyẹ náà ti pa rẹ́.
Orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pè é.
Músílíù tó kàwé ní Pólì Ọ̀ffà
kàn ń gbé ahọ́n kiri bí ewúrẹ́ tó jẹ ata.

Sàláwù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:
"Ẹran tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti pa á,
a kì í gbé e kaná."
Èmi dákẹ́. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ọdẹ.
Owó iṣu ló wà lọ́wọ́ mi, owó káṣú,
àti ẹgbẹ̀rún méjìlá Ìyá Tóyọ̀sí
tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé lọ́nà oko
(ọmọ náà padà, ohùn rẹ̀ ni kò tíì padà).
Ó ní kí a fi ra ohun tí yóò dún
nígbà tó bá yẹ kó dún.

Ọdẹ́rìnú kò bèèrè ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́.
Ó yọ ọ̀pá rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sóòrùn,
ó di ojú kan, ó pẹ́ níbẹ̀
bí ẹni ń wo kànga tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ já sí.
Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi èékánná tẹ igi ìdí rẹ̀.
Ó mì í sétí: "Nǹkan ń sọ̀rọ̀ nínú eléyìí,
ṣùgbọ́n kò tíì parọ́."

Ó gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rò fún òru méjì.
Láyíwọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.
Ó nù ún, ó tún yí i nínú eruku,
ó ní ọyẹ́ kì í bèèrè orúkọ kó tó wọnú ìbọn.

A kan páálí wàrà mọ́ kùkùté igbá.
Ogójì ọta. Músílíù ń fi èédú fa ilà sára ògiri.
Ó dún. Ó dún. Ihò mẹ́rin àkọ́kọ́,
àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lè bò wọ́n.
Ó ń dún títí ó fi di ìkẹtàlélógún:
kẹ́.
Bí ìgbà tí a tẹ ẹ̀ka gbígbẹ mọ́lẹ̀.

Sàláwù ti dìde, "Ṣé mo wí!"
Ọdẹ́rìnú kò sọ ọ́ kalẹ̀.
Ẹnu ìbọn ṣì kọjú sí kùkùté,
ó dúró títí eṣinṣin fi bà á létí.
Ìgbà náà ló yọ ọta, ó wo ìdí rẹ̀:
ojú àpá náà kò jìn, kò sì fẹ́lẹ́.
Ó dá a padà, ó fà á. Ó dún.
Ta ló jẹ̀bi, ìbọn ni àbí ọta?
Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, kò sì bá wa wá.

"N kò ní ó dára o," ni bàbá wí,
ó ń fi ọwọ́ òsì olóníka mẹ́ta nu epo.
Ìbọn tó jẹ ìka méjì yòókù,
kò sí ọdẹ Ìgbómìnà tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo san ìdajì. Mo ní a ó wò ó di ìgbà èwú.
Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi ló wà, nítorí ilé mi ló sún mọ́ ọ̀nà oko,
mo sì máa ń jí lóru, mo máa ń fọwọ́ bà á.

Ìyá Tóyọ̀sí wá lánàá. Kò jókòó.
"Ṣé ó dún?"
"Nínú ogójì, ọ̀kan péré ni kò kọ́kọ́ dún."
Ó mi orí. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà,
ó yíjú padà:
"Ọ̀kan yẹn, ọjọ́ wo ni yóò bọ́ sí?"