Ìṣẹ́jú Mọ́kànlélógún

Ọkọ mi ló ra ọkọ̀ yìí,
ọkọ mi ló ń rọ epo sí i,
ọkọ mi ló mọ gbogbo ìwé tó wà nínú àpótí iwájú rẹ̀.
Èmi, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ni mo mọ̀,
àti bí wọ́n ṣe ń yí rédíò.

Oṣù kẹta tí a sin Eino,
mo ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn tí mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn,
yìnyín to sí etí adágún Dùlúùtù bí iyọ̀ létí àwo,
ni iná pupa àti búlúù bá ń ṣẹ́jú sí mi lẹ́yìn.

"Ìyá, ojú kan ọkọ̀ yín ti fọ́."
Ọmọdé ni. Brandvold ni wọ́n kọ sí i láyà.
Ó ní kí n mú ìwé adójútòfò wá.
Mo ṣí àpótí: súìtì ọ̀fun Eino,
ìbọ̀wọ́ kan tí kò ní èkejì,
rìsíìtì ìwọ̀ ẹja,
àti káàdì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá lọ́dún tó lọ.
"Ṣé tuntun wà?"
N kò lè sọ pé ó wà, n kò lè sọ pé kò sí.
Mo ní, "Ọkọ mi ló ń san án."
Ó ní, "Ẹ pè é."

Mo wo fóònù. Mo wo ojú ọmọ náà.
Ó kọ ìwé ẹ̀sùn, ó kọ aago sí i:
mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì.

Adójútòfò,
ìwọ tí orúkọ rẹ ní o ń dójú ti òfò,
lójú títì yẹn, láàárín ọmọdé àti iná,
ta ni o dójú tì?

Mo pe ilé-iṣẹ́ wọn. Orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn.
Mo bó ànàmọ́ tán, orin ò tán.
"Orúkọ ẹni tó ni ìwé?" Eino Saarela.
"Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀."
Àwọn náà!

Èmi fúnra mi ni mo gbé ìwé ikú lọ sí báńkì.
Wọ́n pa àpò owó rẹ̀ dé, bí a ṣe ń pa ojú òkú dé.
Owó oṣù tó fẹ́ jáde lọ san adójútòfò
kan ilẹ̀kùn, ó padà.
N kò mọ̀. Ta ni ì bá sọ fún mi?

Delphine aládùúgbò ní kí n sanwó, kí n panu mọ́.
Mo ka ẹ̀yìn ìwé náà: ẹni tó bá san án ti jẹ́wọ́.
Jẹ́wọ́ kí ni?
N kò tí ì mọ̀ bóyá mo jẹ̀bi.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni lẹ́tà wọn dé. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kóòtù.
Akọ̀wé, Ọ̀gbẹ́ni Xiong, fi ìka kan lé lẹ́tà,
ó fi ìkejì lé ìwé ẹ̀sùn, ètè rẹ̀ ń kà.
Ààbò parí láàjìn, lópin ọjọ́ kẹrìnlá.
Ọjọ́ kẹrìnlá ni Brandvold dá mi dúró.
"Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún, ìyá."
Ó lu òǹtẹ̀. Owó iná nìkan ni mo san.

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn, n kò lè dìde.
Owó ìkẹyìn tí Eino san láyé
ti bá mi rìn dé títì yẹn,
ó kù díẹ̀ kó padà sẹ́yìn.

Lónìí mo ra gílóòbù. Òtútù gé mi níka.
Mo yí i sọ́tùn-ún, kò wọlé, mo bú u, ó wọlé.
Ìwé tuntun di ọjọ́ Ajé; orúkọ mi ni mo ní kí wọ́n kọ sí i,
Marlys, mo pè é fún wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.
Mo jókòó síwájú ìdarí, mo tan iná.
Ojú méjèèjì là sára ògiri gáréèjì.
A kò lọ síbì kankan.