Ìwé Àmì Ayò Ottilie

Inú àpótí ilé ìkàwé ni mo ti rí i,
ìwé tó ti pọ́n bí ewé àgbọ̀n gbígbẹ.
Lethbridge, oṣù kẹjọ, ọdún 1957.
Pẹ́ńsù ni Ottilie fi kọ ọ́.

Delmer Hrynchuk ló ń ju bọ́ọ̀lù.
Abala kìíní, òdo. Ìkejì, òdo.
Ẹni tó gbé igi wá, afẹ́fẹ́ ló ń gbá,
á padà lọ jókòó, á máa wo bàtà ara rẹ̀.
Nígbà tó di abala kẹjọ
kò sẹ́ni tó bá Delmer sọ̀rọ̀ mọ́.
Ẹyin lohùn.

Abala kẹsàn-án, ó ku ẹnìkan ṣoṣo.
Ó ju mẹ́rin sójú òfo,
wọ́n ní kí Pruitt máa rìn lọ síbùdó kìíní.
Èyí tó tẹ̀ lé e fò sókè fíofío.
Ọmọ Sorensen nawọ́: “Tèmi ni!”
Ó kan ìbọ̀wọ́ rẹ̀,
ó bọ́.

Pruitt sáré wọlé.
Àwọn ti Delmer gbá títí, wọn ò rí nǹkan kan mú bọ̀.
Kò sẹ́ni tó rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá dáadáa,
síbẹ̀ òun ló pàdánù.

Níbi orúkọ ẹni tó ṣàṣìṣe,
Ottilie ti kọ “Sorensen” rí,
ó fi rọ́bà pa á rẹ́ títí bébà fi fẹ́ẹ̀ lu,
ó wá kọ: “Afẹ́fẹ́.”

Mo pa ìwé náà dé.
Fèrèsé ń gbọ̀n.