Ìbọ̀wọ́ Eilif

Ní Vardø, nígbà òtútù, oòrùn a máa rìnrìn àjò.
Oṣù méjì ni kì í fojú kàn wá.
A ó tan iná láàárọ̀, a ó tan án lọ́sàn-án,
a ó máa táràrà láàárín ilé bí ẹni wá abẹ́rẹ́.
Mo tibi iṣẹ́ dé, òórùn ẹja kò kúrò lọ́wọ́ mi,
mo jókòó sídìí tábìlì,
mo ṣí ìwé.

Ogún ọdún ni mo ti ń gé orí ẹja létí òkun.
Orí sọ́tùn-ún, ara sósì, ìfun sínú garawa.
Lẹ́yìn náà a ó so wọ́n ní méjì-méjì rọ̀ sórí igi
kí afẹ́fẹ́ sọ wọ́n di páńlá.
Páńlá tó gbẹ dáadáa le bí igi ìdáná,
ìwọ yóò ní kò mọ omi rí;
rẹ ẹ́ sómi mọ́jú,
wàá rí i pé kò gbàgbé nǹkan kan.

Ìtàn tí mo kọ́kọ́ kọ, ti ọmọ ọba kan ni,
ní ìlú tí n kò dé rí: ààfin wúrà, ẹṣin funfun.
Ó tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.
Mo fà á ya, mo fi dáná.
Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí ọmọ ọba náà mú ara ẹnikẹ́ni móoru.

Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.
Mo yà sílé ara mi bí olè.
Mo jí ikọ́ bàbá mi, mo fi fún olùkọ́ kan.
Mo jí bí Solfrid, ìyá mi, ṣe ń ka ṣíbí lẹ́yìn àlejò,
mo fi fún opó kan tí n kò sọ lórúkọ.
Mo jí alẹ́ tí Håvard kó ẹrù rẹ̀ jáde.
Nínú ìwé, èmi ni mo lọ.

Ó wá ku Eilif.
Ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Ọkọ̀ wọn jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ kò wọlé.
Òkun dá ìbọ̀wọ́ kan padà,
ti ọwọ́ òsì,
bí oníbàárà ṣe ń dá ọjà tí kò wù ú padà.
Òun náà la gbé sínú pósí. Òun la sin.

Mo ní èmi kò ní pa á.
Mo fà á gun àpáta, mo da aṣọ onírun bò ó,
mo bu kọfí gbígbóná fún un.
Ó mu ún. Ó dúpẹ́.
Ojú ìwé mẹ́rin ló fi jókòó síbẹ̀
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.
Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Òun náà mọ̀.
Ní ìdájí mo fà á ya, mo dá a padà sómi,
mo sunkún bí ẹni pé ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rì.

Ìbọ̀wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ ní búlúù,
torí pé búlúù bá gbólóhùn náà mu.

Mo kà á fún ìyá mi nílé ìdáná.
Ó ń bẹ ọ̀dùnkún, kò gbójú sókè.
Nígbà tí mo parí, ó ní:
"Pupa rúsúrúsú ni. Èmi ni mo hun ún."
Ó bẹ ọ̀kan sí i.
"Ṣé o ò lè gbà á là ni?"
Mo ní mo ti gbà á là rí, Màmá. Ó mu kọfí.
Mo ti fà á ya.
Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.
"Lọ tún un kọ."

Ìbọ̀wọ́ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ta ni yóò hú u wò?
Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dijú, búlúù ni mo ń rí,
búlúù tí ẹnikẹ́ni kò hun.

Mo tún un kọ. Ojú ìwé mẹ́rin.
Kò sí nínú ìwé tí mo fẹ́ tẹ̀ jáde.
Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ìyá mi,
lábẹ́ àwọn ṣíbí rẹ̀,
tí wọ́n ṣì pé méjìlá.