Ojú Tí A Pààrọ̀

Ní Ládípọ̀, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn onítáyà,
Múfútàù réwáyà tú ìfun Píjò bàbá mi síta:
wáyà pupa, wáyà dúdú, ọ̀kan tí èkúté ti jẹ dé ìdí.
"Fáìfù-ó-fáìfù lojú yìí, fáìfù-ó-fọ́ọ̀ ni tìrẹ.
Ọmọ ìyá ni wọ́n, àmọ́ wọn ò mu ọmú kan náà."
Òótọ́ ni. Ihò mẹ́wàá, ẹnu wáyà méjìlá.
Ó feyín bó o, ó so ó,
ó fi táàpù dì í bí agbẹ̀bí ti ń di ìwọ́.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Iná tàn, ó pọ́n bí omi ọsàn.
Abẹ́rẹ́ epo fò sókè, ó ní ó kún.
Lítà márùn-ún péré ni mo rà ní Ìlúpéjú.
Abẹ́rẹ́ kan tún wà tí bàbá mi kò mọ̀ rí,
tó ń ka mímí ẹ́ńjìnnì.

Òǹkà ìrìn ni mo tẹjú mọ́:
ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì.
Ìrìn àjèjì. Ta ló gbé? Ibo ló gbé e lọ?
Tiwa ń bẹ nínú náílọ́ọ̀nù lórí ìjókòó ẹ̀yìn:
òru ọjọ́ tí ìyá mi ń rọbí,
àárọ̀ iléèwé mi ní Yábàá,
àti Ìdí-Àràbà, tí a lọ ní mẹ́rin
tí a bọ̀ ní mẹ́ta.

"Ṣé kí n yí i padà sí iye ti tẹ́lẹ̀?"
Mo ní kó fi sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé Òṣòdì,
abẹ́rẹ́ ṣì ní epo kún,
ọkọ̀ sì kú.