Iṣẹ́ Kan Náà

Ní Duluth, lábẹ́ ilé Marlys, yìnyín ti bo fèrèsé dé ọrùn,
hítà ń kùn bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ lálẹ́ yìí,
àwọn akọni inú ìwé òfin wa ti pọ̀ jù.
Jagunjagun ń yọ idà.
Abínújà ń yọ idà, ariwo ló kàn fi kún un.
Jagunjagun Olúwa ń yọ idà, ó kọ́kọ́ gbàdúrà ni.
Ọdẹ náà ńkọ́? Bí ọfà bá tán nínú apó,
kí ló kù lọ́wọ́ ẹ̀?
Ẹni mẹ́rin, idà kan!
Oṣó kàwé kó tó sọ iná,
ẹni tí a bí idán mọ́ ò kàwé rárá,
iná kan náà ló jó dírágónì."

Mo mú pẹ́ńsùlù, mo fa ìlà la orúkọ kan já,
mo tún fa òmíràn. Dwight ń rẹ́rìn-ín,
ó ní kí n ṣáà má fọwọ́ kan oṣó òun.
Tess ń yí dáìsì olójú ogún lásán,
gúgúrú kún ẹnu ẹ̀.
Mo fa ìlà la Ọdẹ já.

Orrin, tó ti ń ṣe Ọdẹ láti ọdún mọ́kànlá,
kò gbójú sókè. Ó ń fi èékánná họ etí ife kọfí.
"Ohun tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà mi ní èbúté nìyẹn.
Èmi àti Sulo la jọ ń kó irin tútù sọ́kọ̀.
Ọ̀gá wò wá láti ojú fèrèsé, ó ní iṣẹ́ kan náà ni.
Kò mọ̀ pé etí ni Sulo fi ń ṣe tiẹ̀,
ó máa ń gbọ́ okùn tó fẹ́ já
kó tó já.
Èmi, ojú ni."

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni Orrin ń dé ibí báyìí,
kí àwa yòókù tó ṣíwọ́.

Marlys kò dá sí i. Ó ní,
"Ẹ ti dé ẹnu ihò. Ilẹ̀ ti ṣú. Ta ló ń wọlé?"
Dwight ní kí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn.
Orrin ní, "Ọdẹ á kọ́kọ́ kúnlẹ̀, á fọwọ́ kan ẹrẹ̀."
Dáìsì yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gúgúrú,
mẹ́tàdínlógún.
"Ẹni mẹ́ta ló wọlé," Marlys ní, "ìkan ń tiro.
Kò sí èyí tó jáde."

Mo wá rọ́bà, mo fi pa ìlà náà rẹ́.
Kò lọ tán, mo ti tẹ̀ ẹ́ jù.
Ojú àpá ṣì wà lórí Ọdẹ,
ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.