Bọ́ọ̀dù Méjì ní Morecambe

Òkun ti sá lọ, ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún ẹyẹ,
òjò ń fi èékánná họ páànù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù
nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ollerenshaw gbé páálí kan wọlé,
ó gbé e síwájú mi:
"Oyèléké, èwo ni ojúlówó nínú méjèèjì?"

Oyèlékè ni bàbá mi sọ mí.
Ọdún mẹ́sàn-án rèé tó ti ń gbé ìparí orúkọ mi sókè,
tó ń fi èké sípò ohun tó lékè.
Mo ń dá a lóhùn. Ó ń sanwó déédéé.

Lọ́wọ́ opó kan ní Heysham ló ti rà wọ́n,
ọkọ rẹ̀ ló ni ilé géèmù etí òkun láyé ìgbà
tí ọmọdé ń to owó wẹ́wẹ́ sórí ẹ̀rọ
láti fi hàn pé òun ló kàn.

Mo dojú wọn délẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ ń wò.
Nídìí rédíò ní Ìkìrun ni mo ti kọ́ ọ:
iwájú ni wọ́n ń kùn, ẹ̀yìn kì í ráyè purọ́.

Ti àkọ́kọ́ nípọn, ó tutù bí ewé ẹ̀fọ́,
orúkọ ilé iṣẹ́ wà ní igun, ó gún régé,
ṣíìpù ńlá kan jókòó láàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ lé lógójì,
àwọn tó ṣe é nìkan ló mọ ohun tó gbé mì.

Èkejì fẹ́lẹ́, ó pọ́n bí tíì àná.
Pákó méjì ni wọ́n tò léra, wáyà pẹlẹbẹ so wọ́n pọ̀.
Níbi tí ṣíìpù ńlá ìbá jókòó sí,
ṣíìpù wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, mo ka márùndínlọ́gọ́ta,
irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà,
bí ará àdúgbò tó péjọ ṣe iṣẹ́ ẹnì kan tó kọ̀ tí kò wá.
Wọ́n ti fi sáńpépà ha orí àwọn kan
kí a má mọ ìdílé tí wọ́n ti jáde.
Gègé dúdú ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà sí àwọn yòókù:
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin,
ẹ̀rin.
Wáyà búlúù kan fò kọjá lẹ́yìn,
ẹni tó jó lẹ́ẹ̀dì sí i ń kánjú.

"Ayédèrú," mo wí, mo sì so iná mọ́ ọn.

Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà.
Ọkọ̀ òfurufú kékeré gòkè wá, ìràwọ̀ ń tú ká.
Wọ́n ti pa orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ́,
ọdún nìkan ni wọ́n gbàgbé síbẹ̀.
Orin bẹ̀rẹ̀. Kírísítálì tó ń ka àkókò fún un ń sáré,
gbogbo ohùn fi díẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ.
Ollerenshaw fajú ro: "Orin yẹn ti gòkè jù."

Ó gbọ́ ọ!
Ọkùnrin yìí, ọdún mẹ́sàn-án,
ó gbọ́ ọ.

Mo so iná mọ́ ojúlówó. Funfun báláú. Kò fọhùn.
Bátìrì kan wà nínú rẹ̀, kò ju èékánná lọ,
òun ni wọ́n fi àṣírí pa mọ́ sí lọ́wọ́.
Bátìrì kú, ẹ̀rọ náà gbàgbé ara rẹ̀.
Ayédèrú kò ní bátìrì kankan.
Àwọn olè ti tú àṣírí náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́,
kò sí ohun tó fẹ́ gbàgbé.

Ó ní kí n kọ orúkọ sí sítíkà.
Mo kọ AYÉDÈRÚ, mo fi àmì sí i.
Ó fi ìka tọ́ka: "Kí ni àwọn kóró-kòrò orí lẹ́tà yìí?"
"Kírísítálì," mo ní. "Àwọn ló ń sọ ibi tí ohùn máa dúró sí."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Oyè," ó ní. Ó mí. "Oyèlé..."
Ó ṣubú sókè lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lórí tábìlì, ọkọ̀ kékeré ń fò lọ, ó ń fò bọ̀,
ó ń pe ẹni tí yóò fi owó sí i.